Àwòrán Ọkàn Tí Kò Rí Bí Ó Ti Yẹ, àti Orúkọ Tí Akọ̀wé Fún Un

Ìyá kan ní Ìbàdàn, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní ìlú Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí ojú ìwé yìí. Ó ní ọmọ òun lọ ya àwòrán ọkàn nítorí pé ó ń mí hẹlẹ bí ó bá gun àtẹ̀gùn, àti pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ìwé kan ti wọ inú fóònù rẹ̀, tí a kọ R93.1 sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pé a rí ohun tí kò bá ti ẹ̀dá mu nínú àwòrán ọkàn rẹ̀. Ọmọ náà fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, àbúrò fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ilẹ̀ yóò sì fi mọ́, wọ́n ti ń sọ káàkiri ẹbí pé ọkàn ọmọ náà ti bàjẹ́. Ìyá náà béèrè pé: “Ṣé orúkọ àìsàn ni R93.1 yìí? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi?”

A ó dá a lóhùn tààrà. R93.1 kì í ṣe orúkọ àìsàn. Kò sì sí ohun tí a fi pa mọ́ fún un. Kàkà bẹ́ẹ̀, a tètè fi hàn án jù ni. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní ọdún 2016, ìlànà tí ó ti inú rẹ̀ jáde sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2021, pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ dá èsì àyẹ̀wò dúró láìnídìí nígbà tí ó bá ti wà nínú ẹ̀rọ wọn. Òfin náà dára, nítorí ara ẹni ni ẹni ní. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ibẹ̀ wá ni pé ìwé máa ń dé ọwọ́ aláìsàn kí dókítà tó ráyè pè é. Ènìyàn a wá jókòó ti ọ̀rọ̀ tí a kọ fún àwọn oníṣẹ́ ìwòsàn, yóò sì máa kà á bí ẹni pé òun ni a kọ ọ́ sí.

Kí a tó lọ síwájú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́: ọkàn tí a ń sọ níhìn-ín kì í ṣe èyí tí ń rò tí ó sì ń gbèrò, bí kò ṣe ẹran ara náà, tí ó tó ìkúùkù ẹni tí ó ni ín, tí ń lù ní àyà tọ̀sán tòru.

Ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí dókítà bá ti kọ ohun tí ó rí àti ohun tí ó rò, akọ̀wé kan wà tí yóò ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀, tí yóò sì wá nọ́ḿbà tí ó bá ọ̀rọ̀ dókítà mu nínú ìwé ńlá kan. Nọ́ḿbà yìí ni wọ́n ń pè ní kóòdù. Ìwé ńlá náà kì í ṣe ohun àná. Jacques Bertillon, ará Faransé, ni ó gbé àkójọ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn amòye ní ìlú Chicago ní ọdún 1893, kí àwọn orílẹ̀-èdè lè máa pe ohun tí ń pa ènìyàn ní orúkọ kan náà, kí a sì lè fi ti ìlú kan wé ti èkejì. Ní ọdún 1948, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi àìsàn tí kì í pani kún un. Àtúnṣe kẹwàá ni wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1990. Àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ di púpọ̀ fún ìlò tiwọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2015. Àtúnṣe kọkànlá ti jáde, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2022, ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà ṣì wà lórí ìkẹwàá.

Ìwé yìí pín sí orí orí. Orí kẹsàn-án jẹ́ ti ọkàn àti ẹ̀jẹ̀, I sì ni lẹ́tà tí ó ṣáájú gbogbo kóòdù rẹ̀. I10 ni ẹ̀jẹ̀ ríru, I50 ni àárẹ̀ ọkàn, èyíinì ni pé ọkàn kò lágbára mọ́ láti gbá ẹ̀jẹ̀ yí ara ká tó bí ara ti ń fẹ́, I34.0 ni pé ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn kékeré inú ọkàn kò pa dé dáadáa, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn padà sẹ́yìn. Àìsàn ni gbogbo ìwọ̀nyí, wọ́n ní orúkọ, a sì mọ ilé wọn. Orí kejìdínlógún yàtọ̀. R ni lẹ́tà tirẹ̀. Ibẹ̀ ni a ń kó àwọn àmì sí, àwọn ìrora, àti àwọn ohun àjèjì tí àyẹ̀wò fi hàn ṣùgbọ́n tí a kò tíì mọ ohun tí ó fà wọ́n. Ìmí hẹlẹ wà níbẹ̀, R06.02. Ìró àjèjì tí dókítà gbọ́ nígbà tí ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà lé àyà wà níbẹ̀, R01.1. Àyà dídùn tí a kò tíì mọ ìdí rẹ̀, R07.9. Àti R93.1, ohun tí kò bá ti ẹ̀dá mu tí a rí nínú àwòrán ọkàn tàbí ti àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn.

Ẹ lè fi orí R yìí wé àgọ́ ọlọ́pàá ní etí ọjà, níbi tí a ń mú ọmọ tí ó sọnù lọ. A ti rí ọmọ náà. Kò sí iyè méjì nínú èyí. Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ilé bàbá rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi orúkọ ìdílé kan pè é kí àwọn òbí rẹ̀ tó dé ti sọ ohun tí kò mọ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé, bí àwòrán bá ti fi ohun kan hàn, kí ni ó tún kù tí a kò mọ̀? Ó kù púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú X-ray, tí Röntgen ará Jámánì ṣàwárí ìtànṣán rẹ̀ ní ọdún 1895. X-ray kò fi ọkàn fúnra rẹ̀ hàn. Òjìji ọkàn ni ó ń fi hàn. Bí ìbú òjìji náà bá ju ìdajì ìbú àyà lọ, dókítà a kọ ọ́ pé ó tóbi. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ó ti jókòó nídìí àtùpà rí, tí ó fi ọwọ́ ṣe òjìji sára ògiri fún àwọn ọmọdé, mọ̀ pé bí ọwọ́ bá ti jìnnà sí ògiri tó, bẹ́ẹ̀ ni òjìji rẹ̀ ń tóbi tó. Ẹni tí ó lè dìde ni a máa ń ní kí ó fi àyà ti àwo àwòrán, kí ìtànṣán gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Ọkàn rẹ̀ a sún mọ́ àwo. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí kò lè kúrò lórí ibùsùn, iwájú ni a ó ti ya tirẹ̀, àwo a wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, òjìji ọkàn a sì tóbi ju ọkàn lọ. Ẹni tí kò fa èémí sínú dáadáa nígbà tí a ń yà á, tirẹ̀ náà a máa rí bẹ́ẹ̀. Ìwé yóò wí pé òjìji ọkàn tóbi. Ọkàn tí ó ni òjìji lè wà ní àlàáfíà.

Àwòrán tí a fi ìró yà, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní ẹ́kò, sàn ju èyí lọ fíìfíì. Ní ìlú Lund ní ilẹ̀ Sweden, ní ọdún 1953, ni dókítà Inge Edler àti Hellmuth Hertz kọ́kọ́ fi irú ìró bẹ́ẹ̀ wo ọkàn tí ń lù. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi wá ìlà-ńlà lára irin níbi tí a ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n mú ṣe é. (Ó máa ń dùn mọ́ wa nínú láti gbọ́ irú nǹkan báyìí, pé irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ọkọ̀ di ohun èlò ìwòsàn.) Ẹ́kò ń fi hàn bí ògiri ọkàn ti nípọn tó, bí yàrá rẹ̀ ti gbòòrò tó, bí àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ń ṣí tí wọ́n sì ń pa dé. Ó tún ń fi ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá lù hàn. Kò sí ọkàn tí í tú gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ tán. Bí èyí tí ó wà nínú yàrá ńlá apá òsì bá jẹ́ 100, ọkàn tí ara rẹ̀ dá a máa tú nǹkan bí 55 sí 70 jáde. Bí ó bá wá sílẹ̀ dé 40 tàbí kí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti di ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Síbẹ̀, ẹ́kò pàápàá ní ìkùùkuu tirẹ̀. Ẹni tí ó sanra púpọ̀, tàbí tí afẹ́fẹ́ kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jù, àwòrán rẹ̀ lè má mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ti ń sáré ìje láti ìgbà èwe, ọkàn rẹ̀ lè gbòòrò, kí ògiri rẹ̀ sì nípọn ju ti ẹlòmíràn lọ, láìsí pé àìsàn kankan ń ṣe é.

Nítorí náà ni ìlànà kan ṣe wà fún àwọn akọ̀wé kóòdù ní Amẹ́ríkà, èyí tí a fẹ́ kí àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́hùn-ún (wọn kò sì kéré) bi àwọn ọmọ wọn wò. Bí aláìsàn bá wá, tí a wò ó, tí ó sì padà sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ náà, akọ̀wé kò gbọdọ̀ sọ iyè méjì dókítà di òótọ́. Bí dókítà bá kọ pé “ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àárẹ̀ ọkàn,” tàbí “mo fura sí àárẹ̀ ọkàn,” tàbí “àwòrán yìí bá àárẹ̀ ọkàn mu,” akọ̀wé kò gbọdọ̀ fi I50 sí i. Ohun tí ó dájú ni yóò kọ: pé aláìsàn ń mí hẹlẹ, àti pé a rí ohun àjèjì nínú àwòrán ọkàn rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe lè jẹ́ R93.1 ni ọmọ ìyá wa ti Ìbàdàn gbà. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò sọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé a dá aláìsàn náà dúró sórí ibùsùn ilé ìwòsàn ní ọjọ́ díẹ̀, tí a sì ń tú u sílẹ̀ lọ sí ilé, tí dókítà sì kọ sínú ìwé ìkẹyìn pé “ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àárẹ̀ ọkàn,” akọ̀wé yóò kọ àárẹ̀ ọkàn sílẹ̀ bí ẹni pé ó dájú. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé àyẹ̀wò tí a ṣe fún un, ìtọ́jú tí a bẹ̀rẹ̀, àti bí a ti ṣọ́ ọ, kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí àìsàn náà wà lára rẹ̀ dájúdájú, owó ilé ìwòsàn sì gbọdọ̀ bá iṣẹ́ tí wọ́n ṣe mu. Èyí yé wa ní ọ̀nà ìṣirò owó. Kò dùn mọ́ wa ní ọ̀nà mìíràn, nítorí ìwé tí a kọ fún owó ni dókítà mìíràn yóò kà fún ìtọ́jú ní ọdún mẹ́ta sí i, òun kò sì ní rí “ó ṣeé ṣe” náà mọ́. Ọkùnrin kan náà, ọkàn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà láti ẹnu dókítà: bí ó bá sùn sí ilé ara rẹ̀, R ni, bí ó bá sùn sí ilé ìwòsàn, I ni.

Gbogbo èyí fi hàn pé kálàmù dókítà ni ó ni ọ̀rọ̀, kì í ṣe ti akọ̀wé. Akọ̀wé tí ó rí i nínú ìròyìn ẹ́kò pé ọkàn ń tú 35 péré jáde kò gbọdọ̀ ti ara rẹ̀ kọ àárẹ̀ ọkàn, bí ó tilẹ̀ ti rí irú rẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún. Nọ́ḿbà kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó kọ̀wé sí dókítà, kí ó sì bi í pé kí ni ó rí sí ìwọ̀n yìí. Kò sì gbọdọ̀ bi í ní ọ̀nà tí yóò fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Dókítà ẹ̀wẹ̀, bí ó bá kọ “ẹ́kò kò dára” péré, ó ti fi akọ̀wé sílẹ̀ ní ìkòríta, R93.1 nìkan ni ọ̀nà tí ó ṣí. Bí ó bá kọ ibi tí ó rí ohun náà, bí ó ti tóbi tó, ohun tí ó rò pé ó fà á, àti ohun tí ó fẹ́ ṣe sí i, ìwé náà yóò wúlò fún akọ̀wé, fún dókítà tí ó tẹ̀ lé e, àti fún aláìsàn. Ìlà mẹ́ta ti tó fún un. A mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn, a kò sì fi èyí bú wọn.

Ibì kan wà tí a fún akọ̀wé ní àyè láti so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ó sì kan àwọn ènìyàn wa gidigidi. Bí dókítà bá kọ ní ojú ìwé kan pé aláìsàn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó sì kọ ní òmíràn pé ògiri yàrá ńlá apá òsì ọkàn rẹ̀ ti nípọn, ìlànà Amẹ́ríkà gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà á, àfi bí dókítà bá kọ ọ́ ní gbangba pé kì í ṣe òun. Akọ̀wé yóò kọ I11.9, àìsàn ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru fà, láìsí àárẹ̀ ọkàn. Bí dókítà bá ti pe àárẹ̀ ọkàn ní orúkọ, I11.0 ni yóò ṣáájú, I50 yóò sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá rí I11.9 nínú ìwé rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tí ó sọnù ni a ń sọ mọ́. Ilé bàbá rẹ̀ ti hàn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni orúkọ bàbá rẹ̀, oògùn rẹ̀ sì wà.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú, kò sì yẹ kí a fò ó. Ní Amẹ́ríkà, ètò ìlera àwọn àgbà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1965, tí wọ́n ń pè ní Medicare, ní ẹ̀ka kan tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ìjọba ń san owó fún wọn lórí àgbà kọ̀ọ̀kan, owó náà sì ń pọ̀ sí i bí àìsàn tí a kọ mọ́ orúkọ àgbà náà bá ti wúwo tó. Àárẹ̀ ọkàn ń fi owó kún un. R93.1 kò fi nǹkan kan kún un. Ẹ rí i pé ìdánwò wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ sọ iyè méjì di àìsàn. Ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń yẹ ìwé wò, òfin tí wọ́n sì fi ń mú àwọn tí ń gba owó ìjọba lórí irọ́ ti wà láti ọdún 1863, nígbà ogun abẹ́lé wọn, nígbà tí àwọn oníṣòwò ń ta ohun tí kò dára fún ọmọ ogun. Àwọn ọmọ wa tí ń ṣe iṣẹ́ kóòdù níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà kí ọ̀gá kankan ti ọwọ́ wọn síbi tí dókítà kò ti ọwọ́ sí.

Ní ọwọ́ aláìsàn, àṣìkọ ní ìpalára tirẹ̀. Láti ọdún 2014, adójútòfò ìtọ́jú ara ní Amẹ́ríkà kò lè lé ènìyàn padà nítorí àìsàn tí ó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n adójútòfò ẹ̀mí, èyí tí bàbá ń rà kí ìyàwó àti ọmọ má bàa jìyà bí òun bá lọ, ṣì ń béèrè ìwé ìtọ́jú. Bí wọ́n bá rí àárẹ̀ ọkàn níbẹ̀, wọ́n lè kọ̀ ọ́, wọ́n sì lè sọ owó rẹ̀ di púpọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá rí àìsàn tí kò ní nínú ìwé rẹ̀, kí ó kọ̀wé sí ilé ìwòsàn pé kí wọ́n tún un ṣe. Òfin fún wọn ní 60 ọjọ́ láti dáhùn, wọ́n sì lè fi 30 kún un ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá kọ̀, aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti kọ àlàyé tirẹ̀, kí a sì so ó mọ́ ìwé náà.

Títí di ìsinsìnyí, ìwé tí ó sọ ju ohun tí a mọ̀ lọ ni a ti ń bá wí. Ní tiwa, a bẹ̀rù òdì-kejì rẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ni ó gba R93.1, tí ẹ̀rù bà fún ọjọ́ mẹ́ta, tí èémí rẹ̀ sì rọlẹ̀, tí ó gbàgbé. Dókítà tí ó pàṣẹ àyẹ̀wò rò pé dókítà ọkàn ti pè é. Dókítà ọkàn rò pé ẹni tí ó pàṣẹ ni yóò pè é. Ọmọ tí ó sọnù wà ní àgọ́ ọlọ́pàá síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó wá a. A kò dá kóòdù yìí sílẹ̀ kí ó máa gbé nínú ìwé ènìyàn títí; ibi ìdúró díẹ̀ ni. Ó yẹ kí àyẹ̀wò mìíràn tẹ̀ lé e, kí a sì fi orúkọ àìsàn rọ́pò rẹ̀, tàbí kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti wò ó, kò sí nǹkan. Ìwúlò R93.1 gan-an nìyí, pé ó ń fún dókítà ní ìdí tí yóò fi hàn fún adójútòfò láti pàṣẹ àyẹ̀wò kejì.

Kí ìyá tí ó kọ̀wé sí wa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó má wo nọ́ḿbà náà mọ́, kí ó wá ìròyìn ẹ́kò fúnra rẹ̀, èyí tí ó wà lẹ́yìn nọ́ḿbà. Kí ó pe ọ́fíìsì dókítà rẹ̀, kí ó sì béèrè ibi tí a ti rí ohun àjèjì náà gan-an, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn òun ń tú jáde, bóyá ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, àti ọjọ́ tí òun yóò padà wá. Kí ó má ṣe kúrò lórí fóònù láìgba ọjọ́. Ṣùgbọ́n bí ìmí hẹlẹ náà bá ń pọ̀ sí i, tàbí tí àyà ń fún un, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tàbí tí kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà, kí ó má dúró de ìpè ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹbí tí wọ́n sì ti ń dá a lámọ̀ràn àgbo oríṣiríṣi láti ọ̀nà jíjìn, a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sinmi. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Fún àwa tí a wà ní ilé níhìn-ín, ohun púpọ̀ nínú ìlànà tí a kà sílẹ̀ kò kàn wá, nítorí àpò ara wa ni púpọ̀ nínú wa fi ń sanwó ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ kàn wá. Nínú ìwádìí tí a ṣe ní Abẹ́òkúta, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, lórí aláìsàn 452 tí àárẹ̀ ọkàn gbé wá sí ilé ìwòsàn, ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn lọ tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa tiwọn. Ní ọkàn irú wọn, ògiri a máa nípọn ní ọdún púpọ̀ kí àárẹ̀ tó dé, ẹ́kò ìbá sì ti fi í hàn. Nítorí èyí, kí ẹni tí ó bá ṣe ẹ́kò ní Nàìjíríà má ṣe fi ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì dókítà. Kí ó gba ẹ̀dà kan, kí ó fi í sínú ọ̀rá kí òjò má bàa bà á jẹ́, kí ó sì kọ ọjọ́ sí i bí wọ́n bá gbàgbé láti kọ ọ́. Àìmọye àgbà ni ó ń gbé èsì tuntun lọ bá dókítà tuntun, tí dókítà sì ń béèrè èyí àtijọ́ kí ó lè mọ̀ bóyá ohun tí òun rí ń pọ̀ sí i tàbí ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, tí àgbà náà yóò sì dáhùn pé eku ti jẹ ẹ́. Bí ohun tí kò tọ́ bá sì wà nínú ìwé wa ní ilé ìwòsàn, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2023 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí a tún un ṣe.

Ẹlòmíràn tún kọ̀wé béèrè nípa R94.31, tí ó rí nínú ìwé bàbá rẹ̀. Èyí kì í ṣe ti àwòrán. Ti àyẹ̀wò tí a fi okùn tín-ín-rín mọ́ àyà àti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni, tí ẹ̀rọ sì ń fa ìlà gún-gùn-gún sórí ìwé. Bí ààyè bá gbà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a ó kọ nípa rẹ̀.